Àbùùbùtán Tó Kọjú Sílé

Irun Sula tutù rin nígbà tó jí, omi iyọ̀ sì ń kán láti orí rẹ̀ sórí ẹní. Bẹ́ẹ̀ òjò kì í rọ̀ ní aṣálẹ̀ etí òkun tí wọ́n ń gbé, ọmọ náà kò sì jáde. Tamia, ìyá rẹ̀, fi aṣọ nù ún.

"Ṣé bàbá ẹ ló wá?" ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Rárá o. Ẹja ńlá kan ni, ó lọ́wọ́ bíi tèèyàn. Ó ní ká máa lọ."

Òkun ló gbé Kanchu, ọkọ Tamia, kó tó da òkú rẹ̀ padà sétí omi. Tamia ló kóṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára aṣọ tí wọ́n fi wé e: àwọn àbùùbùtán ọlọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé èèyàn kékeré dání, tí gbogbo wọn kọjú sí òkun, níbi tí òkú ń lọ. Ṣùgbọ́n àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Ó yọ́ yí ọ̀kan padà ní igun aṣọ kó lè kọjú sílé, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófo, kó lè rí Kanchu gbé bọ̀.

Waita, ìyá ọkọ rẹ̀, ń yan àgbàdo nídìí iná. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyàwó mi, èwo lo yí padà?"

Tamia bú sẹ́kún. "Ti igun ìsàlẹ̀ ni, Ìyá. Mo ní kó gbé e wá fún wa ni."

"Ìfẹ́ ọmọ mi ti yí ẹ lórí! Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń gbéni bọ̀? Èyí tó bá kọjú sílé, ẹni tó máa gbé ló ń wá."

"Ẹ jẹ́ ká lọ tú aṣọ náà, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí la fẹ́ tú? Kò sí lára aṣọ mọ́, ẹnu ọ̀nà ló wà. Gba àgbàdo, jẹun."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, irun Sula gbẹ. Ẹní Waita ló tutù. Ipa ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà gba inú ìkùukùu lọ tààrà sínú òkun. Tamia jókòó sórí iyanrìn, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà ìkórè, wọ́n hú Kanchu jáde láti fi aṣọ tuntun kún tirẹ̀, bí àṣà wọn. Tamia wá igun ìsàlẹ̀. Àbùùbùtán náà ti kọjú sí òkun. Ó gbé ìyá arúgbó kan dání, òwú funfun lorí rẹ̀, àgbàdo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan.

Sula rẹ́rìn-ín. "Màmá, Ìyá Àgbà yíjú padà sílé. Wọ́n ń wò wá."

Tamia wo ọwọ́ kejì ìyá náà. Ó ṣófo.