Orúkọ tí Àràmídé Kò Gbọ́

"Moyọ̀, ìwọ ni etí ẹ̀gbọ́n ẹ lónìí o. Má jẹ́ kí wọ́n pè é kọjá," ni ìyá wọn wí bí wọ́n ṣe ń kúrò nílé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Adití ni Àràmídé, ẹ̀gbọ́n Moyọ̀sọ́lá, láti kékeré. Kò sí aránṣọ kan ládùúgbò tó gbà láti kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ní ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Ilé ìránṣọ kan ní Mushin tó ń kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìrètí tó kù.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó ni wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Nílé, bí wọ́n bá fẹ́ pe Àràmídé, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, á sì yíjú. Gbogbo iṣẹ́ Moyọ̀sọ́lá lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Àfi bí Purity, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣe yọ, tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá gba aṣọ. Purity yìí ló máa ń sín àwọn adití jẹ ní kíláàsì, tí Moyọ̀sọ́lá náà á máa bá a rẹ́rìn-ín. Kíá, Moyọ̀sọ́lá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta lo bá wá?" Purity bi í.

"Èmi nìkan ni jàre."

"Àràmídé Sàlíhù!" ni obìnrin tó ń pe orúkọ kígbe. Ó tún un pè. Àràmídé ń wo Moyọ̀sọ́lá, ó ń retí. Moyọ̀sọ́lá bojú wolẹ̀.

"Kò wá nìyẹn. Ẹni tó kàn!"

Ìgbà tí Purity lọ tán ni Moyọ̀sọ́lá tó sáré lọ bá obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, adití ni!"

"Àyè ti kún, ọmọ mi. Ṣé o ò gbọ́ nígbà tí mò ń pè ni?"

Àràmídé fi ọwọ́ béèrè pé, ṣé wọ́n ti pe òun?

Moyọ̀sọ́lá fi ọwọ́ dá a lóhùn níwájú gbogbo èrò: wọ́n pè ẹ́. Mo gbọ́. Ojú ló tì mí.

Àràmídé kó abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ sínú báàgì, ó kọjú sí àtẹ̀gùn. Moyọ̀sọ́lá gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún gbá a, tẹkúntẹkún, títí gbogbo pákó fi ń mì. Àràmídé mọ̀ ọ́n lára. Kò yíjú.

Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó fi ẹnu nìkan pe adití ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń pè é, tó wá dákẹ́ nítorí ẹ̀sín, òun ló sọ kọ́kọ́rọ́ sínú ọ̀sà.