Ìka Tó Wà Ní Igun Ìwé Abẹ́lẹ̀

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ arántí-itọ́ wò ní ìlú Òkè-Òṣùpá, ojú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ló yọ nínú dígí rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Tanímọ̀la ti sín sórí bébà àtijọ́ tó fẹ́ fi dán an wò, kò sì fura. Itọ́ ni ẹ̀rọ náà ń wá lára ìwé. Èyí tó bá bá níbẹ̀, yóò ya ojú ẹni tó ni ín jáde, ojú ìgbà èwe rẹ̀, bí onítọ̀hún ìbáà ti hewú. Bó bá sì ti yà á tán, ìwé á di eérú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó sì ti rí ohun tí yóò fi ẹ̀rọ náà ṣe.

Orí òṣùpá ni ìlú wọn wà, lábẹ́ òrùlé dígí, afẹ́fẹ́ inú páìpù ni wọ́n ń mí. Nígbà tí àwọn tó ni páìpù ń fi èémí ni wọ́n lára jù, ìlú dìde ogun sí wọn. Ọdún méje ni wọ́n fi jà. Nítorí pé gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣòfófó fún ọ̀tá, àwọn ajàjàgbara padà sídìí bébà. Háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ ìròyìn sí i, Ìwé Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ ọ̀dàlẹ̀ sí. Ẹni tó bá sì dárúkọ ẹnìkan, tàbí tó bá wọ́ ọ lọ síta, gbọ́dọ̀ lá àtàǹpàkò rẹ̀, kó fi kan yíǹkì, kó tẹ̀ ẹ́ sí igun ìsàlẹ̀, kó má baà sẹ́ lọ́la.

Bí wọ́n ṣe dárúkọ Olúgbódi, bàbá Àwẹ̀ró, nìyẹn. Páìpù ló ń tún ṣe. Wọ́n ní ó fi ọ̀nà han ọ̀tá, wọ́n sì tì í gba Ilẹ̀kùn Òfìfo síta, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, láìwọ aṣọ-èémí. Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lẹ́yìn dígí, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó mú ọ̀dàlẹ̀ gidi. Wọ́n ní kí ọmọ má bínú.

Ọmọ bínú. Láti ìgbà tó ti dàgbà ló ti ń kó Ìwé Abẹ́lẹ̀ jọ. Ó fi abọ́ gba òmíràn, ó fi ìpín omi rẹ̀ gba òmíràn, ó yọ òmíràn lábẹ́ ibùsùn òkú. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ tẹ èyí tí wọ́n ti dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìka wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò na àtàǹpàkò rẹ̀ jáde pé kí wọ́n wá wò ó?

Àwẹ̀ró ò mọ̀wé kà. Bàbá Láníyonu, aládùúgbò rẹ̀, ló ń wá ka àwọn Ìwé Abẹ́lẹ̀ náà fún un ní gbogbo ọjọ́rùú, láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Bàbá á jókòó, á lá ìka, á ṣí ewé, á tún lá a. Àwẹ̀ró á ní, "Bàbá, ẹ má jẹ ìwé mi tán." Bàbá á ní háhá rẹ̀ kò tilẹ̀ níyọ̀.

Ìgbà tí Bàbá gbọ́ pé Àwẹ̀ró fẹ́ gbé ìwé náà fún ẹ̀rọ, ó lọ bá Tanímọ̀la.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rọ tó ń jẹ ẹ̀rí kó tó jẹ́rìí, irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn?"

Tanímọ̀la ní bí ẹ̀rọ ò bá jẹ ẹ́, kòkòrò yóò jẹ ẹ́, kòkòrò ò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bàbá wá bẹ Àwẹ̀ró pé kó tọ́jú ìwé rẹ̀. Àwẹ̀ró wò ó títí. Kí ló ń ba bàbá yìí lẹ́rù?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó fi aṣọ funfun wé ìwé náà, ó gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tanímọ̀la bi í pé ta ló ti fọwọ́ kàn án.

"Èmi nìkan ni. Ibọ̀wọ́ sì wà lọ́wọ́ mi."

Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ díẹ̀díẹ̀ nínú dígí: iwájú gbọọrọ, etí tó dúró ṣánṣán, èjí láàárín eyín. Àwẹ̀ró mọ èjí náà. Gbogbo ọjọ́rùú ló ń rí i. Ìwé ti di eérú.

Òfin Òkè-Òṣùpá ò tíì yí padà: ẹni tó bá fi irọ́ ti ẹlòmíràn síta, ilẹ̀kùn kan náà ni òun náà yóò bá jáde. Ní gbàgede tí ìlú ti ń dájọ́, Bàbá Láníyonu ní ìlú mìíràn lòun wà nígbà ogun. Wọ́n ní ta ló rí i níbẹ̀. Ó ní àwọn tó rí òun ti kú.

"Ẹ gbé ìwé náà wá," ó ní, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ jáde. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tibẹ̀. Bó bá bára mu, èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn."

Àwẹ̀ró gbé abọ́ eérú síwájú wọn. "Bàbá tèmi náà bẹ̀bẹ̀," ó ní.

Òun ló fa irin ilẹ̀kùn. Kí ó tó fà á, Bàbá yíjú sí i, kò pariwo, kò ṣépè.

"Àwẹ̀ró, ta ni yóò máa kà á fún ọ?"

"Ẹ̀san ò fẹ́ kíkà."

Ó dúró lẹ́yìn dígí, ó wò ó tán. Inú rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀san dà bí iyán, òkèlè kan kì í yó ni. Nígbà tó di ọjọ́rùú, ó gbé ìwé mìíràn lọ, èyí tí Bàbá ti kà fún un rí pé ìka àwọn tó wọ́ Olúgbódi dé ẹnu ilẹ̀kùn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ya ojú jáde: iwájú gbọọrọ, etí ṣánṣán, èjí. Àwẹ̀ró ní òpùrọ́ náà kúkú ṣe é méjèèjì. Ó fa òmíràn yọ, ti ìkórè àgbàdo, tí kò sí ìka ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Èjí. Ó fa ẹ̀kẹta yọ. Èjí.

Tanímọ̀la pa ẹ̀rọ.

"Màmá, ta ló máa ń ka ìwé wọ̀nyí fún yín?"

Àwẹ̀ró gbé ọ̀kan nínú èyí tó kù sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń ṣí ewé, ti ṣá, ó ti dán, itọ́ ogójì ọdún ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kún ojú ìwé náà bí èèrà. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Kò mọ̀ bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú wọn.