Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Gbé Lọ

Iwájú ilẹ̀kùn onígi kan nínú mùsíọ́ọ̀mù ni ọkùnrin kan dúró sí, ilẹ̀kùn tí wọ́n fín ẹṣin àti ẹyẹ sí lára. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣèwádìí bí àwọn ohun àtijọ́ ṣe dé mùsíọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í fọwọ́ kan gíláàsì."

"Ẹ má bínú. Ilẹ̀kùn ilé wa ni. Ìtàn rẹ̀ ni ìyá mi àgbà fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún."

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ṣé gbogbo wọn náà ló ń sunkún bí òmùgọ̀ níwájú arẹwà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kó tó mọ̀. Káfíńtà ni ọkùnrin yìí. Ó padà wá, ó tún padà wá, títí wọ́n fi di olólùfẹ́.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ló ba ayọ̀ wọn jẹ́. Nínú fọ́tò àtijọ́ kan, àwọn ọmọ ogun òyìnbó dúró níwájú ilé tó ń jó, ilẹ̀kùn náà wà nílẹ̀, ògbufọ̀ wọn sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà mọ ojú ògbufọ̀ yẹn nínú fọ́tò tó wà nílé wọn. Bàbá àgbà bàbá rẹ̀ ni.

"Gbé e mì," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀, Dádì."

Ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún káfíńtà. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá káfíńtà fárí gá: "Ọmọ ẹni tó júwe ilé wa fún wọn kò ní fẹ́ ọmọ mi lójú mi." Káfíńtà gbọ́ ti ìyá rẹ̀, kò wá mọ́.

Nígbà tí wọ́n máa fi dá ilẹ̀kùn náà padà, ìyá káfíńtà ti kú. Káfíńtà ló wá gbé e.

"Ṣé Màmá dárí jì mí?"

"Rárá, olùfẹ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n irọ́ ì bá ti gbà ọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, o ò sì pa á. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Dádì ò ní wá."

"Màmá náà ò ní wá."

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún.

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ìyá ìyàwó nìkan ló yọ́ wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ẹni tó ṣojú fún ẹbí ọkọ, ọkọ ìyàwó dorí kodò.

Ìyá ìyàwó nu ojú, ó dìde.

"Èmi ni," ó wí. "Ọmọ mi ni òun náà."