Bàbá Tí Wọ́n Sin Nínú Ìwé Jọlá

"Ikhlas, jọ̀ọ́, yá mi nótì ẹ. Àkókò ò sí mọ́."

Ìsinmi ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí. Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn nílé-ìwé kan ní Bódìjà, ti ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń kọ bákan náà ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn ju ẹyọ kan lọ, bíi "tear", tó lè jẹ́ omijé tàbí fífa nǹkan ya, àti "wind", kí wọ́n sì fi wọ́n ṣe gbólóhùn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fún wọn. Ìdí fóònù ni Jọlá ti lo tirẹ̀.

"Wo bí mo ṣe ṣe é ni o, má dà á kọ," Ikhlas wí. "Mo bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé èmi ni mo máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà á kọ láti òkè délẹ̀, kò tilẹ̀ ka ohun tó ń kọ. Sáà yẹn ni Ikhlas ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé náà, ẹ̀gbẹ́ Jọlá ló ń jókòó, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàbá òun ti kú. Nígbà tó ń kọ iṣẹ́ náà, ó rò pé olùkọ́ nìkan ni yóò ka ìwé òun.

Olùkọ́ ò gba ìwé lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n máa dìde kà á, Jọlá ló sì kọ́kọ́ pè. Jọlá ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà lọ geere títí ó fi dé ìkẹrin: omijé bọ́ lójú ìyá òun lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá òun.

Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà yọ awò ojú rẹ̀. "Jọlá, ọwọ́ bàbá rẹ ni mo ti ra ẹ̀wà lọ́jà lánàá. Ìgbà wo ni wọ́n sin wọ́n?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ikhlas nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà dákẹ́, torí gbogbo wọn ti mọ ẹni tó ni bàbá tó kú. Ojú ti Jọlá débi pé kò mọ ibi tí yóò wò.

Òdo ni olùkọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n jáde, ó sáré tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ikhlas, dárí jì mí. Mi ò mọ̀."

"Tó o bá kà á ni, ò bá mọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Jọlá jókòó, ó fúnra rẹ̀ kọ mẹ́wàá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ bó ṣe fa ojú ìwé tó dà kọ ya. Nígbà tó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Jọlá gbé ìwé náà fún Ikhlas, Ikhlas sì rọra kà á tán, ó dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n kò padà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, kì í ṣe máàkì nìkan ló ń jí. Ó lè jí ohun tí kò ní lè dá padà.