Ọ̀rọ̀ Tó Há Àmúdàtù Lọ́fun

"Gún ẹran yẹn kó kúná dáadáa kí o tó fi sí Ìyá Àgbà lẹ́nu o. O mọ̀ pé wọn ò lè gbé nǹkan mì bó ṣe yẹ mọ́."

Ohun tí ìyá Àmúdàtù sọ nìyẹn kó tó gba ọjà Kasuwan Barci lọ. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá àgbà, bí ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń fún wọn lóúnjẹ nílé wọn ní Tudun Wada. Tolúwaṣẹ, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ìyá àgbà, ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé.

Bilqees, ọ̀rẹ́ Àmúdàtù, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. "Ke, ki yi sauri mana! Yára, wọ́n ti ń ya fọ́tò!"

Àmúdàtù wo odó, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ ya ẹran náà sí méjì, ó sì fi ọ̀kan sí ìyá àgbà lẹ́nu.

Ẹran há. Ojú ìyá àgbà yọ síta, ọwọ́ wọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń wá ohun tí yóò dì mú. Igbe Àmúdàtù ló mú Tolúwaṣẹ sáré wọlé. Ó gbé wọn jókòó, ó ń lu ẹ̀yìn wọn, ó ń pe Ọlọ́run. Ẹran náà jáde nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí ìyá Àmúdàtù dé láti ọjà, àyà Tolúwaṣẹ ló ti bá òkú ìyá rẹ̀.

"Ta ló fún wọn ní odidi ẹran? Tolúwaṣẹ, o ti pa ìyá mi!"

"Mọ́mì, èmi kọ́ o! Àmúdàtù, jọ̀ọ́, sọ fún wọn!"

Àmúdàtù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó há síbẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó wolẹ̀.

Wọn ò tíì sin òkú tí wọ́n fi lé Tolúwaṣẹ jáde.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ láti gba ọ̀fun Àmúdàtù kọjá. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé Tolúwaṣẹ ṣépè, Àmúdàtù bú sẹ́kún. "Màámi, èmi ni. Èmi ni mi ò gún ẹran."

Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àmúdàtù àti ìyá rẹ̀ lọ bá àǹtí Tolúwaṣẹ ní Ungwan Boro láti tọrọ àforíjì. Obìnrin náà kò ní kí wọ́n wọlé.

"Gbogbo àdúgbò ń pè é ní apààyàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ó ti wọkọ̀ lọ, kò sọ ibi tó ń lọ, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Kí lẹ wá wá?"

Nígbà tí wọ́n ń darí sílé, iwájú ni ìyá Àmúdàtù ń rìn, kò wẹ̀yìn wò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ náà ti bà jẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àkókò tí òtítọ́ bá nira jù lọ láti sọ, àkókò náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ́.