Apá Òsì Méjì Lára Aṣọ Kan

Àlùmọ́gàjí kọ̀, kò gé. Ńṣe ló ń rún aṣọ bí arúgbó aláìléyín tó ń jẹ ẹran gbígbẹ. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá nù ún mọ́ ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún gbìyànjú, aṣọ sì fàya níbi ọrùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ti ń rán tiwọn lọ, òun ṣì ń bá irin jà. Nígbà tí olùdánwò ní kí gbogbo ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, aṣọ ọmọdé tó yẹ kó rán kò yàtọ̀ sí àkísà.

Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé a kì í fi àlùmọ́gàjí aṣọ gé pépà, nítorí pépà a máa pa á lẹ́nu. Kíákíá sì mọ ẹni tó fi tòun gé páálí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, àbúrò ìyá Kíákíá, bí ilé ìwé bá ti parí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, n kò ronú débẹ̀. Dárí jì mí."

"Ó ti tán," ni Kíákíá wí. "Dìde, má fi eruku ba aṣọ ẹ jẹ́."

"Ṣé látọkàn wá?"

"Mo ní ó ti tán. Ṣé kí n fi kọrin ni?"

Kò tán rárá. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yege, Kíákíá ni yóò tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jó o nínú. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, á dìde lọ bu omi. Kó tó débi omi, á ti gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á fà á yọ, á tún kì í bọ̀ ọ́.

"Kíákíá, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?" Àǹtí ló ń bi í.

"Rárá o, Àǹtí."

"Jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà. Òòyì ń kọ́ mi."

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin nọ́ọ̀sì kan gbé aṣọ wá. Ó fẹ́ kaba alápá gígùn tí yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Àǹtí fẹ́ jáde lọ ra bọ́tìnnì, ó sì ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gé apá rẹ̀.

"O ti ba aṣọ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí," ló sọ fún un. "Bí èyí bá tún bàjẹ́, ilé yá nìyẹn."

Aṣọ náà lójú, ó sì nínú, inú rẹ̀ kò ṣe é kọ síta. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ́ ẹ, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí pépà ìwọ̀n apá ká. Ó gbé pépà náà síwájú, ó tún fa ìlà kejì, ṣùgbọ́n kò dojú pépà dé. Kíákíá rí i láti ìdí máṣíìnì. Apá òsì méjì ló fẹ́ gé yẹn.

Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n rẹ̀. Kó kàn la ẹnu ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ jẹ́ kóun náà mọ bó ṣe ń rí, ló wí nínú ara rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gé e.

Nígbà tí Àǹtí dé, tó gbé apá méjèèjì sọ́wọ́, kò pariwo. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, kó ẹrù ẹ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ká téèpù rẹ̀. Kíákíá ti rò pé inú òun yóò dùn. Àfi bí ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ mì. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Àǹtí, mo rí i."

"O rí kí ni?"

"Mo rí i kó tó gé e. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè. "Ṣebí o ní ó ti tán."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá tán?"

Kíákíá gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà sórí tábìlì.

"Ẹ̀yin méjèèjì ló yẹ kí n lé," ni Àǹtí wí, "ṣùgbọ́n aṣọ aláṣọ ṣì wà nílẹ̀." Ó na téèpù sórí aṣọ. "Bí apá bá di kúkúrú, a lè ti ìsàlẹ̀ èyí tó bàjẹ́ tún apá ọ̀tún gé," ló wí. "Kíákíá, ìwọ ni wàá lọ sọ fún nọ́ọ̀sì náà. Má dárúkọ ẹlòmíì."

Obìnrin náà ń sá aṣọ lọ́wọ́ nílé rẹ̀ nígbà tí Kíákíá kúnlẹ̀ ro ẹjọ́. "Apá gígùn ni mo ní kí ẹ rán," ló wí, ó sì ń sá aṣọ rẹ̀ lọ. Kíákíá kò mọ̀ rí pé ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí à ń bẹ̀ tó gba ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ gé e kúrú," ni obìnrin náà wí níkẹyìn. "Kò tẹ́ mi lọ́rùn o. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ìbínú wọ ibi iṣẹ́ tuntun."

Kíákíá sáré padà. Àpò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé àpò yẹn wọlé, ó ń kọ mí lẹ́sẹ̀," ni Àǹtí ń wí fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Kíákíá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mo dì ọ́ sínú. Dárí jì mí."

"N kò tíì lè sọ pé ó tán," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Inú ń bí mi gan-an."

"Mo mọ̀."

Wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kíákíá gbé apá kan sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́, ó dì í mú.

"Dúró. Inú aṣọ lo kọ síta yẹn."

Kíákíá wò ó, òótọ́ ni. Ó tún un ṣe. Ó wá jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ tí à ń pè é pọ̀: ìdáríjì, ìforíjì, àmójúkúrò. Ẹni tó ní kò sí nǹkan, tó wá ń ṣọ́ ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ yóò ṣubú, kò tíì ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí inú ṣì ń bí, tó sì na ọwọ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ má bàa ṣubú, òun ló ti ń dárí jì.