Nọ́ńbà Ìkọ̀kọ̀ Bàbá Télọ̀

Bàbá Télọ̀ na káàdì rẹ̀ sí Ìyá Kékeré, ó sì rọra sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sí i létí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ojú ti di bàìbàì fún un, kò lè rí ohun tó wà lórí ẹ̀rọ POS mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fóònù tó ń gba àlàátì bánkì. Àwọn oníbàárà ló sọ ọmọbìnrin náà ní Ìyá Kékeré, nítorí bó bá ti ilé ìwé dé, tó dúró ti káńtà ìyá rẹ̀, bí àgbàlagbà ló ń ṣe, ẹ̀rín kì í yá a lẹ́nu.

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Láti àárọ̀ ló ti ń fi bàtà ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yọ ọ́ lẹ́nu, pé gbogbo ẹgbẹ́ wọn ti ra tiwọn. Ó ní kó kúkú fi owó bàtà lé owó ọjà, ta ni yóò mọ̀? Ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Ìyá Kékeré tẹ iye náà, ó sì mú èyí tó lé nínú àpótí owó. Bàbá gba ọṣẹ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó lọ.

Kò pẹ́ tí bàbá fi padà wá, tó ń táràrà bọ̀ ní òun nìkan. Ó ní wọ́n sọ fún òun ní bánkì pé owó tí òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ti dín.

“Ọmọ mi ni. Yàtọ̀ sí ìwọ, òun nìkan ló mọ nọ́ńbà yẹn. Mo pè é lólè lójú gbogbo àdúgbò, mo sì lé e jáde. Jọ̀ọ́, sìn mí dé bánkì ká yí nọ́ńbà náà padà. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè finú hàn.”

Bí Ìyá Kékeré bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tó kọ́ ọ kò sì sí níbẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni. Ọmọ yín ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.”

Ìyá rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ gbọ́ ọ, ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà gan-an ló san owó náà padà. Wọ́n pe ọmọ bàbá lórí fóònù títí kó tó gbé e. Ó ní òun ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò ní padà sílé tí wọ́n ti pe òun lólè.

“Ẹyin lọ̀rọ̀,” bàbá wí. “Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó ṣeé san padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá finú hàn wá, ojú rẹ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ ká fọ́ ọ.